Òkúta Ojú Fèrèsé

Kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wo òkúta, wọ́n á kọ́kọ́ fi ahọ́n lá a kí àwọ̀ rẹ̀ lè hàn. Òkúta dúdú kan wà lójú fèrèsé wọn ní Bronx, èyí tí iná abẹ́ ilẹ̀ tú sí aṣálẹ̀ láyé àtijọ́. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi gun òkè aṣálẹ̀ náà fún ìwádìí, wọ́n ṣàpèjúwe òkúta náà, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀gá wọn ní yunifásítì tẹ ìwádìí náà jáde bí iṣẹ́ ara rẹ̀, ó wá dúpẹ́ pé wọ́n bá òun ru ẹrù.

"Ẹ ò ṣe pariwo olè?" ni mo máa ń bi wọ́n.

"Ọwọ́ ta ni físà mi wà?"

Lẹ́yìn ìsìnkú wọn, ọmọ wọn bi mí ní orúkọ òkúta náà. Pẹ̀lú gbogbo ariwo mi, mi ò béèrè rí. A fi òkúta náà há ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn kó má bàa padé, kí bẹ́ẹ̀dì wọn lè kọjá bí a ṣe ń kó ẹrù wọn jáde.