Bí Mo Ṣe Ta Gbólóhùn Bí Òwú ní Ṣakí

Òórùn ẹ̀kọ tútù ló máa ń jí mi nílé wa ní Ìsẹ́yìn. Bàbá mi, tó ń hun aṣọ òfì, a máa fi ẹ̀kọ pa òwú lára kó lè le. Òórùn náà ṣì wà lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ tí tíṣà wa ní kíláàsì kárùn-ún, Màmá Bọ́lá, kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan sójú pátákó, tí wọ́n sì wí pé, "Kò sí ọ̀lẹ níbí o. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló níṣẹ́ tó ń ṣe." Wọ́n ní èyí tó ń sọ orúkọ nǹkan ni noun, ọ̀rọ̀-orúkọ. Èyí tó ń sọ ohun tí ẹnì kan ṣe ni verb, ọ̀rọ̀-ìṣe. Mo gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Nílé tí mo ti wá, ẹnì kan ń ká òwú, ẹnì kan ń tà á yí igi, ẹnì kan ń hun ún. Àṣé bẹ́ẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì rí.

Láti ìgbà náà ni n kò ti jẹ́ kí ìwé atúmọ̀ èdè Màmá Bọ́lá sinmi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni lẹ́tà kéékèèké wà tó ń sọ iṣẹ́ rẹ̀: n fún ọ̀rọ̀-orúkọ, adv fún ọ̀rọ̀-àpọ́nlé, tó ń sọ bí a ṣe ṣe nǹkan. Àkókò ìsinmi nìkan ni tíṣà wa sì ń yá mi ní ìwé náà. Nígbà tí a gbọ́ pé ọmọ tó bá gbégbá orókè nínú ìdíje Gẹ̀ẹ́sì ní Ṣakí yóò gba ìwé atúmọ̀ èdè tuntun, oorun kúrò lójú mi.

Ọ̀rẹ́ mi Ràṣídá ní, "Ọmọ aláṣọ òfì, o tún fẹ́ máa hun Gẹ̀ẹ́sì."

Mo ní, "Tí mo bá hun ún tán, mi ò ní gé fún ọ."

Ní Ṣakí, ọkùnrin onígíláàsì tó ń ṣe adájọ́ kọ gbólóhùn kan sójú pátákó, ó ní kí a sọ iṣẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: "Old farmers slowly carried yams and maize to Kisi." Àwọn tó ṣáájú mi bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ń tò ó lọ, wọ́n sì há sáàárín. Ṣùgbọ́n Bàbá mi kì í ta òwú àwọ̀ méjì pọ̀. Wọ́n á ta àwọ̀ kan yí igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ títí yóò fi tán, kí wọ́n tó mú òmíràn. Wọ́n á ní, "Ẹni tó bá kánjú ta òwú, yóò jókòó tú u." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mú gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ lẹ́ẹ̀kan náà: farmers, yams, maize, Kisi.

Adájọ́ na bírò sí mi. "O ti fo ọ̀rọ̀. Lọ jókòó."

Màmá Bọ́lá sorí kọ́. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò fò wọ́n. Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn ni."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà wò mí títí. "Ó dáa. Máa bọ̀."

Mo mú carried, ọ̀rọ̀-ìṣe. Mo mú old, ọ̀rọ̀-àpèjúwe. Slowly, ọ̀rọ̀-àpọ́nlé. And, ọ̀rọ̀-asopọ̀. To, ọ̀rọ̀-atọ́kùn. Kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan.

"Ta ló kọ́ ẹ báyìí?"

"Bàbá mi, sà."

"Tíṣà ni wọ́n?"

"Rárá, sà. Aṣọ ni wọ́n ń hun."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì. Orí itan mi ni ìwé tuntun náà wà títí a fi dé Ìsẹ́yìn.

Ìwé yẹn ni mo fi kọ́ ara mi ní gírámà títí èmi náà fi di ẹni tó ń kọ́ ọmọ. Mo ti mọ̀ báyìí pé ọ̀rọ̀ kan náà lè ṣiṣẹ́ méjì, ohun tí ọmọdébìnrin tí mo jẹ́ nígbà náà kò mọ̀. Àmọ́ ó ní sùúrù jù mí lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ gbólóhùn ọlọ́rọ̀ mọ́kànlélógún sójú pátákó, wọ́n ní kí n pín ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bí iṣẹ́ wọn. Mo kánjú.

"Mà, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ o," ni ọmọ kan tó wá láti ìlú Òkákà wí láti ẹ̀yìn. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọ tó lọ Ṣakí gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́sàn-án. Èmi gba ogún nínú mọ́kànlélógún.