Nọ́ọ̀tì Keje Kò Ní Ọ̀dà

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2023, ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mọ́tò bàbá Àǹtí Sípánà bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín funfun. Ìwé iṣẹ́ tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù ló sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí Sípánà fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́ síbẹ̀.

Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní kò ṣàṣìṣe rí láti ọdún mọ́kànlá tó ti ń tún mọ́tò ṣe. Irọ́ ni. Ó máa ń ṣàṣìṣe. Kì í kàn fi pa mọ́ ni. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yìí le. Bàbá rẹ̀, tó kọ́ ọ níṣẹ́, ti ní orúnkún òun kò gbà mọ́. Ó gbé mọ́tò ara rẹ̀ fún un pé kó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, abala tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí omi jò wọnú ẹ́ńjìnnì. Bí iṣẹ́ náà bá dára, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù di tirẹ̀. Bí kò bá dára, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin yóò sọ ibẹ̀ di ibi ìtàjà táyà.

Ẹ̀gbọ́n náà ti fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

"Sípánà, ṣé mọ́tò lò ń tún ṣe ni àbí igi tútù lò ń fi dáná?"

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnnì ń sọ."

Bàbá jókòó sórí àga, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún.

Àyà Sípánà kò tíì já. Bí wọ́n bá ṣí orí ẹ́ńjìnnì, omi díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sínú sàlẹ́ńsà; bó bá gbóná, á di èéfín, á sì tán. Ó fún un ní ogún ìṣẹ́jú. Ogún ìṣẹ́jú pé, ńṣe ni èéfín ń pọ̀ sí i. Ó na aṣọ funfun sẹ́nu sàlẹ́ńsà. Kò sí àbàwọ́n epo lára rẹ̀, àmọ́ ó ń ta sánsán bíi ṣúgà tó jóná. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó dúró kó tutù, ó wá ṣí rédíétọ̀. Omi aláwọ̀ ewé tó rọ kún un láàárọ̀ ti fà sílẹ̀ níwọ̀n ìka méjì; inú ẹ́ńjìnnì ló ń jò sí.

"Sọ pé gásíkẹ́ẹ̀tì ayédèrú ni wọ́n tà fún ẹ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ṣebí ohun tí gbogbo yín máa ń sọ nìyẹn."

Sípánà mú irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì. Nọ́ọ̀tì mẹ́wàá tó de orí ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ ló wà níbẹ̀. Èyí tó bá ti dè délẹ̀, ó máa ń fi ọ̀dà funfun kàn án lórí. Keje kò ní ọ̀dà. Ó ki sípánà bọ̀ ọ́. Ó yí ní ìlàjì òbírí kó tó le.

Ó wá rántí Sátidé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ de ẹ̀kẹfà tán nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé Bàbá dé. Ó ju sípánà sílẹ̀, ó lọ gba báàgì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó kí i, ó wá àga fún un, wọ́n sọ̀rọ̀ orúnkún títí. Nígbà tó padà, orí ẹ̀kẹjọ ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀bi mi ni, Bàbá," ló sọ. "Mo fo nọ́ọ̀tì keje. Màá tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, màá tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀."

Bàbá fi ọ̀pá dìde, ó tẹjú mọ́ nọ́ọ̀tì náà pẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo òrùlé.

"Ọwọ́ tìẹ kì í fo nǹkan," ni Bàbá wí. "Ta ló wá dí ẹ lọ́wọ́?"

Sípánà wo àga tó wá fún un lọ́jọ́ Sátidé.