Òdòdó Irin Tí Bàbá Mi Gé

Bí mo bá ti gbọ́ òórùn ọ̀dà tútù níwájú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà ní Sàngó, ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo tẹ̀lé bàbá mi lọ síbi iṣẹ́ ní Ìjù, nígbà tí mo wà ní kékeré, ni mo máa ń rántí. Bàbá mi, tí iṣẹ́ wẹ́dà ni wọ́n ń ṣe, ń fi irin ṣe ọgbà yí omi ìlúwẹ̀ẹ́ kan ká lẹ́yìn ilé ńlá. Omi ti gbẹ nínú ibẹ̀, ewé ló kún un. Bàbá mi fi irin ṣe òdòdó sáàárín ọgbà náà, inú wọn sì ń dùn sí i.

Màdáámù tó nilé pè mí. “Ṣadé, gun ọgbà yìí kí n rí i.”

Mo tẹ òdòdó, mo sì bọ́ sódì kejì. Mo rò pé wọn yóò pàtẹ́wọ́ fún mi. Igbe ni màdáámù ké. “Bàbá Ṣadé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé òdòdó yẹn kúrò!”

Bàbá mi fajú ro, ṣùgbọ́n wọ́n gé e. Mo tún gùn ún, ẹsẹ̀ mi ń yọ̀. Mo ti orí bọ àlàfo irin, kò gbà mí. Ojú tì mí, mo bú sẹ́kún. Màdáámù dì mọ́ mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n wá mú bàtà pupa kan jáde fún mi, ó sì bá ẹsẹ̀ mi mu rẹ́gí.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ọmọ tó ni bàtà náà ti kú sínú omi yẹn.

Bá a ṣe ń lọ sílé, mo bi bàbá mi pé kí ló dé tí inú màdáámù fi dùn pé mi ò lè gùn ún. Ṣe ni wọ́n gbé mi sọ́rùn títí dé ilé, bẹ́ẹ̀ bàtà tuntun ni mo fẹ́ fi rìn.