Áńpù Kékeré, Àpótí Mẹ́ta

Bí ẹ bá wọ ìjọ kan báyìí ní Ìwàrò-Ọ̀kà, tí ẹ sì béèrè pé ta ló ń ta gìtá béèsì, ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò kọ́kọ́ ronú kí wọ́n tó dá yín lóhùn. Wọ́n mọ ẹni tó ń dá orin, wọ́n mọ ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, wọ́n tilẹ̀ mọ ẹni tó ń gbá ilẹ̀. Béèsì ni ẹnikẹ́ni kì í rántí, àfi ọjọ́ tí kò bá sí. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n á máa wo ara wọn lójú pé kí ló dé tí orin òní fúyẹ́ báyìí.

Tíṣà Zachariah ló ti wà nídìí béèsì náà láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ṣe kó tó fẹ̀yìn tì: ó kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò ní Ọ̀kà, ó kọ́ wọn ní Ògbàgì, ó sì parí ẹ̀ sí Ìkàrẹ́. Ó ga, ó tín-ín-rín, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé máa ń sọ pé bí òun bá fẹ́ mọ̀ bóyá inú ọkọ òun dùn, àtàǹpàkò rẹ̀ lòun máa ń wò. Bó bá ti ń lu itan, ara yá nìyẹn.

Áńpù tó ń lò láyé àtijọ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, irin ni látòkè délẹ̀. Kì í fi í sílẹ̀ sí ìjọ nítorí eku àti òrùlé tó ń jò, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìwàrò tí ẹni tí kò gbé nǹkan kan gan-an ń mí hẹlẹhẹlẹ kó tó gùn ún tán. Ó ṣe é títí ìbàdí fi kọ̀ fún un. Dókítà sọ pé ohun tó bá ti wúwo ju kẹ́tùlù omi lọ, kó má gbé e mọ́. Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó sì gbé áńpù lọ sí ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ náà ni wọ́n gbé òun àti áńpù padà wálé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Agídí àgbà, ta ni yóò bá a wí?

Ọ̀gá àwọn akọrin wá kí i nílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ̀wà hù ni. Ó ní, “Dádì, ẹ sinmi. Ọwọ́ òsì kíbọ́ọ̀dù á máa ṣe béèsì.” Kò ní ibi nínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dun Tíṣà ju ìbàdí lọ. Iṣẹ́ ìjọba ti tán, ìyàwó ti lọ, àwọn ọmọ ti fọ́n ká. Béèsì ló kù tó ń mú un wẹ̀ ní kùtùkùtù ọjọ́ Ìsinmi, tó ń jẹ́ kó lọ aṣọ. Bí wọ́n bá gba ìyẹn náà, ọjọ́ wo ni yóò tún yàtọ̀ sí ọjọ́ kejì fún un?

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Hephzibah, tó ń gbé ní Àbújá, gbọ́ sí ọ̀rọ̀ náà, ó sì fi áńpù tuntun ránṣẹ́. Kékeré ni, kò tó kílò mẹ́ta, kò nípọn ju ìwé rẹ́jísítà méjì tí a gbé léra wọn lọ. Tíṣà gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ kan, ojú sì tì í fún áńpù náà. Ẹ kúkú mọ̀ wá ní ìlú wa: a kì í ra sípíkà láìgbé e wò, èyí tó bá sì fẹ́ ja apá ni ojúlówó. Ó pe Hephzibah lórí fóònù.

“Ṣé ó dá ọ lójú pé nǹkan wà nínú ẹ̀?”

“Dádì, ohun tó wà nínú ẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ ṣáà lò ó.”

Àmọ́ áńpù kì í dá sọ̀rọ̀, àpótí sípíkà ló ń bá a sọ ọ́. Ní ìjọ wọn, àpótí kì í sì í ṣe igi àti ìṣó lásán. Ọjọ́ ìkórè ni wọ́n máa ń fi í tọrẹ, wọ́n á sì fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ olúwarẹ̀ sí i lára. Mẹ́ta ni wọ́n: Ẹgbẹ́ Bàbá Ìjọ ló fún wọn ní ọ̀kan, Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ ló fún wọn ní èkejì. Ẹ̀kẹta, Màmá Eunice ló fi tọrẹ ní ìrántí ọkọ rẹ̀, Stephen, ẹni tó fi ogún ọdún lu ìlù jáàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tíṣà. Òfin kan sì wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, tí gbogbo wọn mọ̀: lọ́jọ́ ìkórè, àpótí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yadi. Bí wọn kò bá jẹ́ kí tìrẹ fọhùn, wọ́n ti kọ ọrẹ rẹ nìyẹn.

Àpótí Stephen dá dúró lápá òsì, lẹ́bàá ìjókòó Màmá Eunice. Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, màmá á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí títí orin á fi parí. Gbogbo ìjọ gbà pé ọkọ rẹ̀ ló ń kí, kò sì sẹ́ni tó bi í.

Ọjọ́ Ìsinmi tí Tíṣà kọ́kọ́ gbé áńpù kékeré dé, àánú rẹ̀ ló ṣe é. Ó ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ó fi wáyà so àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra wọn kí wọ́n lè bá ohun kékeré náà gbé ẹrù. Orin kìíní lọ dáadáa, ìkejì náà lọ. Láàárín ìkẹta, iná pupa tàn lójú áńpù, béèsì sì pa lọ́lọ́. Ọwọ́ òsì kíbọ́ọ̀dù sáré gbà á. Ó gbà á dáadáa, ohun tó sì dun Tíṣà jù nìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìn, ọ̀gá akọrin fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Dádì, ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tó bá tún kú lọ́jọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi béèsì sílẹ̀ fún kíbọ́ọ̀dù.” Tíṣà ní ó dáa.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, ó di áńpù sínú ọ̀rá bí ẹni di búrẹ́dì, ó sì wọkọ̀ gba Àkùngbá lọ sí Ìkàrẹ́, sọ́dọ̀ Kamaldeen tó ń tún rédíò àti áńpù ṣe. Ọmọ iléèwé rẹ̀ ni nígbà kan rí. Kamaldeen so áńpù mọ́ àpótí kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ta okùn gìtá lẹ́ẹ̀kan, àwọn ìṣó tó wà nínú agolo sì ń jó.

“Tíṣà, kò sóhun tó ṣe é. Kí lẹ so mọ́ ọn?”

Tíṣà ti ya fọ́tò ẹ̀yìn àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí fóònù. Kamaldeen wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. “Mẹ́jọ. Mẹ́jọ. Mẹ́rin. Ẹ so gbogbo ẹ̀ pọ̀?”

“Mo rò pé bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n á ṣe ràn án lọ́wọ́ tó.”

“Rárá, sà. Wọn ò wá ràn án lọ́wọ́ o, oúnjẹ ni wọ́n wá jẹ. Nọ́mbà yìí, óòmù la ń pè é. Bó bá ṣe kéré tó ni àpótí ṣe ń jẹun tó. Ẹ wo ẹ̀yìn áńpù, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó má lọ sílẹ̀ ju mẹ́rin lọ. Mẹ́jọ méjì tẹ́ ẹ bá so pọ̀, mẹ́rin ló máa fún yín. Tí mẹ́rin ti ẹ̀kẹta bá tún bọ́ sí i, ó di méjì. Áńpù wá pa ara ẹ̀ kó má baà jóná. Ó gbọ́n, wàláì.”

“Mẹ́jọ àti mẹ́jọ di mẹ́rin?”

“Ìdá ni, Tíṣà. Ẹ̀yin lẹ nà mí lórí ẹ̀ ní pírámárì fáìfù.”

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti àná. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ wá ń wọ̀ ọ́ lára. Ọ̀nà méjì péré ló wà tí yóò fi dúró sí mẹ́rin: kó lo àpótí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀, tàbí kó lo ti Stephen, tó jẹ́ mẹ́rin, nìkan. Ó bi Kamaldeen léèrè èyí tó dára jù.

“Etí lẹ máa fi yan ìyẹn, kì í ṣe ọwọ́, ẹ má gbé e wò o. Àmọ́ ìjọ yín gùn. Méjì yẹn á gbé ohùn dé ẹ̀yìn. Ẹyọ kan yẹn, àwọn tó wà níwájú ló máa gbádùn ẹ̀.”

“Tí ẹni tó ni ẹyọ kan yẹn ò bá wá fẹ́ kó dákẹ́ ńkọ́?”

Kamaldeen họrí. “Sà, mo ti rí i lóde eré. Wọ́n á to àpótí mẹ́wàá, mẹ́rin péré lá máa sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù, wọ́n kàn wà fún ẹwà ni. Wọn ò fi wáyà sí wọn.”

“Ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn?”

“Tíṣà, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa ní ohun tó ń jẹ́ irọ́.”

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Tíṣà gbéra láti lọ ṣàlàyé fún Màmá Eunice. Lẹ́ẹ̀kan ó yà padà lójú ọ̀nà. Lẹ́ẹ̀kejì ó bá a níwájú ilé tó ń ṣa ẹ̀wà. Ó béèrè bí ara ṣe rí, màmá sì dá a lóhùn pé òjò ọdún yìí kò burú. Etí rẹ̀ ti ń di láti bí ọdún mélòó kan. Tíṣà sọ nínú ara rẹ̀ pé ariwo tí òun yóò pa kí àlàyé óòmù tó yé màmá, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́ ọ. Ó dágbére, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀: kì í ṣe ariwo ló bà á lẹ́rù. Ẹgbẹ́ méjèèjì ní ẹnu púpọ̀, wọ́n sì lè bínú. Obìnrin kan ṣoṣo, opó, arúgbó, kò lè ṣe nǹkan kan fún un. Ibi pẹlẹbẹ ni Tíṣà ti mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ.

Lọ́jọ́ ìkórè, ó tètè dé kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ó so àpótí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀. Ó na wáyà ẹ̀kẹta dé ẹ̀yìn àpótí Stephen, ó sì fi orí rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ibẹ̀, kò tì í bọ ihò.

Áńpù kékeré náà ṣe bẹbẹ. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó mọ́, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà ta béèsì bí ẹni ọgbọ̀n ọdún, ọwọ́ òsì kíbọ́ọ̀dù sì rí ìsinmi. Wọ́n ń pe ìdílé kọ̀ọ̀kan jáde pẹ̀lú orin rẹ̀, wọ́n ń gbé iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jó lọ síwájú. Wọ́n pe ìdílé Stephen. Orin bẹ̀rẹ̀, Màmá Eunice kò dìde. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí àpótí, ó ń wo ọ̀kánkán. Ọmọ rẹ̀, Mọ́júbọ́lá, ló fọwọ́ kàn án léjìká kó tó mọ̀. Ó sáré dìde, ó ń jó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá orin mu. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Tíṣà rí i, ó sì tẹjú mọ́ okùn gìtá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ọ̀gá akọrin wá gbá a mọ́ra. “Dádì, béèsì yín ló gbé ìkórè yìí. Ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù ti tán.” Ohun tí Tíṣà ń wá ló ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ yìí. Ó yíjú, ó sì rí i pé Màmá Eunice ṣì jókòó. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Tíṣà lọ bá a.

“Zaka,” màmá wí, “ṣé o ta béèsì lónìí?”

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“A jẹ́ pé ọwọ́ mi ti kú nìyẹn. Nígbà tí etí ń lọ, mo ní kò burú, ọwọ́ ṣì wà. Ibí yìí ni mo fi ń gbọ́ orin. Tó bá gbọ̀n, mo mọ̀ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá dúró, mo mọ̀ pé ó ti parí. Lónìí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti ń sọ fún Olúwa pé kó máa bọ̀ wá mú mi, torí kí ló tún kù?”

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹnu sí i létí. “Màmá, kì í ṣe ọwọ́ yín.”

“Ẹn?”

“Ọwọ́ yín ò kú, Màmá.”

“Mi ò gbọ́ ọ, Zaka. Sọ ọ́ sókè.”

Àwọn bàbá ìjọ ń to iṣu nítòsí. Àwọn ìyá ìjọ ń ka ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá akọrin ń yí wáyà. Tíṣà Zachariah, ẹni tí kì í gbé ohùn sókè nínú kíláàsì, nàró, ó sì ké e síta débi tí òrùlé fi gbà á.

“Ọwọ́ yín ò kú. Èmi ni mo yọ wáyà àpótí Stephen. Mo fẹ́ kí n lè máa ta béèsì lọ, ni mo ṣe tàn yín jẹ.”

Bàbá kan gbé iṣu dání, kò rántí gbé e kalẹ̀. Màmá Eunice wo ojú Tíṣà, ó sì tún wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Ohun tó fà á nìyẹn,” ó wí. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ padà sórí àpótí. “Lọ fi wáyà sí i.”

Tíṣà yọ àpótí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì níṣojú àwọn tó ni wọ́n, ó sì so ti Stephen nìkan. Ó gbé gìtá kọ́rùn. Ó ta orin ìdílé Stephen láti ìbẹ̀rẹ̀, béèsì nìkan, láìsí ìlù, láìsí kíbọ́ọ̀dù. Màmá Eunice di ojú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó gba orin náà lẹ́nu gìtá, ó ń kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ kò bá ti gìtá mu rárá, ṣùgbọ́n láti ẹsẹ kìíní dé ẹsẹ ìkẹrin, ibi tí béèsì bá dé ni òun náà ń dé.