Orúkọ Tí Bàbá Ìlaròó Kò Pè

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí etí mi gbọ́ nílé wa ní Ìbà, tí kò tíì kúrò létí mi títí dòní. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ ń fà nínú gúrúùpù wa lánàá ló rán mi létí, ọ̀rọ̀ bàbá tó ń kí gbogbo èèyàn "Ẹ káàárọ̀" lójoojúmọ́. Ẹnì kan ní ká yọ wọ́n, pé wọ́n ń fi ìkíni jẹ dátà àwọn. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ẹ rò pé ayé fóònù yìí ni irú ìwà bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Rárá o. Àwa ti ní gúrúùpù tiwa ní ẹ́sítéètì Ìbà lápá ìparí àwọn ọdún 1980.

Tẹlifóònù ò wọ́pọ̀ nígbà yẹn. Tí o bá fẹ́ bá ará ilé kejì sọ̀rọ̀, o máa fẹsẹ̀ rìn lọ ni, tàbí kí o pariwo lójú fèrèsé. Ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò wa kan tó ń jẹ́ Fẹ́mi, tó ń tún rédíò ṣe ní Alábà, ló gbé ọgbọ́n kan dé. Ó kó àlòkù tẹlifóònù márùn-ún wálé, ó ta wáyà láti ilé kan dé èkejì, ó fi bátìrì mọ́tò gbé e. Tí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnnì, agogo á dún nílé márààrún. Ẹni tó bá gbé e á gbọ́ gbogbo ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ. Intakọ́ọ̀mù là ń pè é. Ẹ ò rí i pé gúrúùpù ni?

Oríṣiríṣi ìwà ló sì wà níbẹ̀, bó ṣe wà ní tiyín yìí gan-an. Ìyá Ìbejì, ẹgbẹ́ mi, tó ń ta búrẹ́dì, òun ni oníròyìn wa. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní Okokomaiko láàárọ̀, a ti gbọ́ ọ kó tó di ọ̀sán, ó sì ti fi iyọ̀ àti ata sí i. Alhaji Rájí tó ń ta àgbò ní Alábà Rago ni onínúfùfù. Fẹ́mi ni aláwàdà. Èmi, tí wọ́n ń pè ní Ìyàwó Tíṣà torí pé ọkọ mi ń kọ́ni ní Ìjànìkín, mo máa ń jókòó ti máṣíìnì ìránṣọ mi, màá gbé fóònù sétí, màá kàn máa gbọ́ ni. N kì í sọ nǹkan kan. Ẹ mọ irú wa, a pọ̀ nínú gúrúùpù: a máa ka gbogbo ẹ̀, a ò ní dáhùn.

Ẹnì karùn-ún ni Bàbá Ìlaròó. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ èbúté, ìyàwó wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn wà lókè òkun. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí, agogo á dún. Bàbá á máa kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bákan náà lójoojúmọ́: "Fẹ́mi, ṣé dáadáa lo jí? Ìyá Ìbejì, àwọn ọmọ ńkọ́? Alhaji, ẹ kú ìrun o." Èmi ni wọ́n máa ń kí kẹ́yìn. "Ìyàwó Tíṣà, mo mọ̀ pé o wà ńbẹ̀, ò ń gbọ́ mi. A ó rí ire lónìí o." Màá rẹ́rìn-ín músẹ́, màá gbé fóònù kalẹ̀. Ojú ló ń tì mí, kì í ṣe ìgbéraga.

Nígbà tó yá, ó sú àwọn èèyàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ Fẹ́mi ni, Alhaji já lu ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ní ṣé Bàbá ò níṣẹ́ mìíràn ni, ṣé dandan ni kéèyàn máa fi agogo jí ọmọ ọlọ́mọ? Wọ́n ní ẹni tí ò bá rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, kó lọ bá ògiri sọ ọ́. Ìyá Ìbejì bú sẹ́rìn-ín. Fẹ́mi ní Bàbá ti di àkùkọ ẹ́sítéètì. Bàbá ní, "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ọmọ mi," wọ́n sì gbé fóònù wọn kalẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, agogo àárọ̀ ò dún mọ́. Ìyá Ìbejì ní ara tu òun. Èmi ṣì ń jí lásìkò yẹn, mo ń retí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó yọjú sí Bàbá. Kálukú rò pé inú ló ń bí wọn, pé tó bá rọ̀, wọ́n á tún kí wa.

Ọjọ́ Àìkú kan ni, ọ̀sán gangan, oòrùn mú ganrínganrín. Agogo dún lẹ́ẹ̀kan péré. Mo gbé e, mo sì gbọ́ tí àwọn yòókù gbé tiwọn. Ohùn kan wà níbẹ̀ tí n ò gbọ́ rí. Ó wúwo, ó ń fà, bí ohùn ẹni tí omi kún ẹnu ẹ̀. Ó ní, "Fẹ́... mi."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n fi kọ́ wa láti kékeré. Ẹni tí o ò rí, tó ń pe orúkọ ẹ lọ́sàn-án gangan, má dá a lóhùn. Ta ló mọ ẹni tó ń pè ọ́? Fẹ́mi tó máa ń fi àwọn àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, kò fọhùn. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ohùn yẹn ní, "Ìyá... Ìbejì." Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹ̀jẹ̀ Jésù, ó ní kí ẹnikẹ́ni má dáhùn o. Ohùn yẹn ní, "Al... haji." Alhaji ń fi Lárúbáwá ṣàdúrà, mo sì gbọ́ tí fóònù bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Èmi ló kù. Mò ń retí kó pè mí, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó má pè mí. Kò pè mí. Nǹkan kan kàn ṣubú gbì, gbogbo ẹ̀ sì dákẹ́.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Fẹ́mi, Ìyá Ìbejì, Alhaji. Iwin wo ló ń to orúkọ wa bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo máa sọ nínú fóònù yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti so ó nìyí: "Bàbá Ìlaròó ni! Wọ́n ń kí wa ni!"

Mo sáré jáde láìwọ bàtà. Fẹ́mi ló bá mi já ilẹ̀kùn. Bàbá wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, apá kan ara wọn ti rọ, ẹnu wọn ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, fóònù wà láyà wọn. Wọ́n wò mí. Ètè wọn ń mì, ohùn ò jáde. Mo ní, "Bàbá, èmi Ìyàwó Tíṣà nìyí, mo wà ńbẹ̀, mò ń gbọ́ yín." N ò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́ tèmi.

Mọ́tò tí Alhaji fi ń kó àgbò la fi gbé wọn. A ò tíì dé ọsibítù ní Ọ̀jọ́ tí ẹ̀mí fi bọ́. Alhaji gbórí lé síárìn, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń sọ pé àwọn làwọn ní kí bàbá olóore lọ bá ògiri sọ̀rọ̀. Dókítà ní ó ti tó wákàtí bíi mélòó kan tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lu Bàbá. Ẹ wá ro bí wọ́n ṣe wọ́ dé ìdí fóònù yẹn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Fẹ́mi ká wáyà náà kúrò. Kò sẹ́ni tó lè gbé e sétí mọ́. Ṣùgbọ́n títí dòní, tí ọ̀sán bá pọ́n, tí ilé bá dá, mo ṣì máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo ti gbọ́ orúkọ mẹ́ta. Ìkẹrin ni mò ń retí.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ìkíni ẹnì kan bá sú yín, ẹ bá a sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, ẹ má bú u lójú gbogbo ayé. Ó lè jẹ́ ẹ̀yin nìkan ló rí kí. Tó bá sì dákẹ́, ẹ wá a délé. Ta ló ti dákẹ́ nínú gúrúùpù tiyín tí ẹ ò tíì béèrè? Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn.

Bàbá tí wọ́n ní ká yọ yẹn tún kí wa láàárọ̀ yìí. Èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn. Wọ́n ní, "Ta nìyí o? N ò mọ̀ rárá pé o wà ńbí."