Bàbá Ilésanmí, Adájọ́ Fíìmù Ọdún

Lọ́jọ́ tí Bàbá Ilésanmí dìde nínú sinimá ní Ìkẹjà, tó ní kí wọ́n dá fíìmù padà sẹ́yìn, Modinat télọ̀ ló jókòó tì í. Òun náà ló ń ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo Agége títí dòní. Bàbá ti jáde lọ tọ̀. Kó tó padà dé, baálé inú fíìmù ti kú, wọ́n ti sin ín, àwọn ìyàwó rẹ̀ sì ti ń jà sí ilé.

"Ẹ dá a padà!" Bàbá pariwo sínú òkùnkùn. "Ọkùnrin tí mo fi sílẹ̀ tó ń mu gààrí lẹ ti sin yìí? Kí ló pa á?"

Ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn sáré wọlé. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. A kì í dá fíìmù padà níbí o. Kì í ṣe fídíò ilé."

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Owó tí mo san, ṣé ẹ yọ àsìkò ìtọ̀ kúrò nínú ẹ̀?"

Obìnrin kan níwájú ní kí Bàbá ṣe sùúrù, òun á sọ fún un: májèlé ni wọ́n fi pa ọkùnrin náà. Ẹni tó wà lẹ́yìn ní irọ́ ni, àìsàn ọkàn ni, májèlé náà kò tí ì dé ẹnu rẹ̀ tó fi kú. Ẹlòmíràn ní ìyàwó kékeré ló dà á lọ́kàn rú. Ni àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ láti orí ìjókòó kan dé èkejì. Nígbà tí ẹnu máa fi kò, iná ti tàn, fíìmù ti tán, gbogbo wọn sì dúró síta, wọ́n ń bi ara wọn léèrè bó ṣe parí.

Ọmọ Èkìtì ni Bàbá Ilésanmí, àgbà nínú ìjọ Aládùúrà kan ní Agége. Ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Ìkẹjà ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó fẹ̀yìn tì ń sin adìyẹ, àwọn mìíràn ń bá onílé fa wàhálà. Bàbá ní ní tòun, òun ti gbóòórùn ọ̀dà tó, fíìmù lòun máa wò. Ó ń wò ó ní sinimá, ó ń wò ó lórí fóònù, ó sì máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ wò ó, bẹ́ẹ̀ ni irun kò sí lórí rẹ̀ rárá.

Ní gbogbo ọjọ́ kejì Kérésì, Bàbá á wọ agbádá, á wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Modinat, á sì kéde fíìmù márùn-ún tó dára jù lọ́dún náà. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà ládùúgbò á gbé àga wá. Kò sẹ́ni tó fi í joyè, ṣùgbọ́n fíìmù tó bá fi sípò kìíní, gbogbo àdúgbò á wò ó. Èyí tó bá bẹnu àtẹ́ lù, bí wọ́n bá ń fi í tọrẹ, kò sẹ́ni tó máa gbà á.

Ìdájọ́ rẹ̀ ní òfin o. Fíìmù tí wọ́n bá ti gbé oúnjẹ síwájú ènìyàn, tí onítọ̀hún fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan tó sì dìde, ti bọ́ lọ́wọ́ Bàbá nìyẹn. Lọ́dún kan, èyí tí gbogbo Èkó ń pariwo rẹ̀ kò rí ipò karùn-ún pàápàá gbà.

"Iyán ni wọ́n gbé sílẹ̀ yẹn o," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n. "Iyán tó ń yọ èéfín! Ọkùnrin yẹn bu òkèlè kan, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kú, ó sáré jáde. Kò burú, ikú dé. Ta ló wá jẹ iyán náà? Wọn ò fi hàn wá!"

Abdulqoyum, tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ni alátakò rẹ̀. Fíìmù tí wọ́n bá ti ń fi ọkọ̀ léra wọn ló fẹ́ràn. Nígbà kan ó gbé ọ̀kan wá síwájú Bàbá, níbi tí olè ti sá láti Opebi dé pápákọ̀ òfuurufú kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

"Opebi wo?" ni Bàbá bi í. "Lọ́jọ́ Jímọ̀, nírọ̀lẹ́, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀?"

"Bàbá, fíìmù ni!"

"Mo mọ̀ pé fíìmù ni. Ṣùgbọ́n Opebi ni! Ẹni tó lè purọ́ mọ́ Opebi, kí ni kò ní purọ́ mọ́?"

Abdulqoyum fi ìbínú padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pa ọjọ́ kejì Kérésì kan jẹ rí, òun sì ni ó máa ń tètè gbé àga tirẹ̀ dé.

Ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ wá kan Modinat gan-an. Ó ti pẹ́ tó ti ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé àti aṣọ iṣẹ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńláńlá, débi pé àwọn àna rẹ̀ kì í pè é ní télọ̀. Oníyunifọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún náà ni àwọn kan láti Àgídìngbì gbé iṣẹ́ aṣọ fíìmù wá fún un. Olorì Kẹtàlá ni wọ́n pe fíìmù náà. Modinat rán aṣọ àrán pupa kan fún olorì yìí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gán ìlẹ̀kẹ̀ yí ìṣẹ́tí rẹ̀ ká, títí ìka rẹ̀ fi wú. Kò rán aṣọ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ohun tó wá ń fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí Bàbá dárúkọ Olorì Kẹtàlá lọ́jọ́ ìdájọ́. Bí Bàbá bá ti dárúkọ rẹ̀, kò sí ẹni tó tún máa pe òun ní oníyunifọ́ọ̀mù mọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í se móínmóín fún Bàbá, ẹlẹ́yin, ẹlẹ́ja. Àwọn àgbà ní ẹnu tó bá jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo. Wọn ò mọ Bàbá Ilésanmí ni. Bàbá jẹ móínmóín, ó lá ewé rẹ̀, ó nu ẹnu.

"Modinat," ló wí, "móínmóín yìí gba ipò kìíní. Ti fíìmù, ó di ọjọ́ kejì Kérésì."

Ọjọ́ náà pé. Bàbá fi fíìmù ìyá àgbà kan tó lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà sípò karùn-ún, ó ní ìyá náà wa ọkọ̀ bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà lóòótọ́. Ó fi ti àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń jà sí kànga sípò kẹrin, nítorí pé wọ́n làágùn. Ó dárúkọ ìkẹta, ó dárúkọ ìkejì. Ipò kìíní bọ́ sọ́wọ́ fíìmù kékeré kan nípa arúgbó tọkọtaya. "Wọ́n jókòó, wọ́n jẹun," ni Bàbá wí. "Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n sì fọ abọ́."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Modinat kò pàtẹ́wọ́.

"Bàbá, Olorì Kẹtàlá ńkọ́?"

"Kò dáa, ọmọ mi."

"Aṣọ ibẹ̀ ńkọ́?"

"Fíìmù ni mò ń dá lẹ́jọ́, mi ò dá aṣọ lẹ́jọ́. Ọba ń fẹ́ olorì kẹtàlá, a ò rí ẹyọ kan nínú àwọn méjìlá tó kù. Ibo ni wọ́n gbà lọ?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Modinat yíjú sí máṣíìnì rẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó dùn ún dé egungun.

Móínmóín dáwọ́ dúró. Bàbá kò torí ìyẹn jìnnà. Á dé láàárọ̀, á jókòó sórí bẹ́ńṣì rẹ̀.

"Modinat, ṣé inú ṣì ń bí ẹ?"

"Rárá o, Bàbá."

"Tóò. Inú ṣì ń bí ẹ."

Á wá máa sọ ìtàn fíìmù tuntun tó wò, Modinat á máa tẹ máṣíìnì lágbára kó má baà gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ títí di oṣù kẹta. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Bàbá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó jókòó sórí àga láti sinmi, kò sì jí mọ́. Àwọn ìjọ rẹ̀ sin ín pẹ̀lú orin àti iyì. Abdulqoyum sunkún bí ọmọdé. Modinat náà sunkún, ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn ún jù kò ṣeé sọ fún ẹnì kankan: Bàbá lọ, wọn ò tíì parí ìjà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan gbé àrán pupa wá sí ṣọ́ọ̀bù. Bólúwatifẹ́ lorúkọ rẹ̀, ó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ní sinimá Ìkẹjà, ó sì fẹ́ ṣe ìgbéyàwó.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin lẹ rán aṣọ olorì yẹn, ti Olorì Kẹtàlá?"

"Èmi ni. Ta ló júwe mi fún ẹ?"

"Bàbá kan ni, bàbá Èkìtì kan. Ní gbogbo àsìkò tí fíìmù yẹn fi wà lọ́dọ̀ wa, wọn ò yéé wá. Bí olorì bá ti wọlé pẹ̀lú aṣọ yẹn báyìí, wọ́n á dìde dúró, wọ́n á ní, 'Ẹ wo ìṣẹ́tí yẹn! Ọmọ mi ló fọwọ́ gán an, ní Agége!' Àwọn èèyàn á máa pariwo pé kí wọ́n jókòó. Bí aṣọ yẹn bá ti kọjá, wọ́n á dé fìlà wọn, wọ́n á máa lọ sílé."

Modinat gbé sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Wọn kì í dúró wò ó tán?"

"Rárá o. Mo bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní fíìmù náà ò dáa."

Ẹ̀rín gbé Modinat. Ó rín in débi pé Abdulqoyum sáré wá wò ó lẹ́nu ọ̀nà.

"Wọ́n tún ní kí n má sọ fún yín," ni Bólúwatifẹ́ ń bá ọ̀rọ̀ lọ, kò mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní adájọ́ làwọn, kẹ́ ẹ má lọ rò pé àwọn ń gbè sẹ́yìn yín. Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?"

Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu Modinat nígbà tí omi bọ́ sí i lójú. Ó fi etí aṣọ nù ún, òmíràn tún dà. Abdulqoyum ló bá a dáhùn pé Bàbá ti sinmi. Bólúwatifẹ́ figbe ta, ó di ọwọ́ Modinat mú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Mi ò mọ̀ rárá. Kí ni bàbá yẹn jẹ́ sí yín?"

Modinat wo bẹ́ńṣì tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì.

"Bàbá mi ni," ló wí. "Bàbá mi ni wọ́n."