Gbólóhùn tí Mo Fi "Dirty" Ṣe

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Bọ́mà dé, akọ̀wé tó bá fẹ́ gbé ọmọbìnrin tí kò kàwé níyàwó ní Abẹ́òkúta á kọ́kọ́ fi í sílé tíṣà, kí ìyàwó tíṣà kọ́ ọ ní aṣọ rírán, búrẹ́dì yíyan àti Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa méjì la wà nílé Màmá Tíṣà ní Òwu.

Èkejì mi jẹ́ ọmọ aláró ní Ìtòkú. Láti kékeré ló ti ń ti ọwọ́ bọ ìkòkò aró, ọwọ́ náà sì dúdú dé ọrùn-ọwọ́. Àràárọ̀ ni Màmá ń ní kó fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́, aró ò gbọ́. Bí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ bá wá lọ́jọ́ Ìsinmi, abẹ́ ìborùn ló ń fi ọwọ́ pamọ́ sí.

Mo jowú rẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọkùnrin tirẹ̀ kì í pa ọ̀sẹ̀ jẹ. Tèmi ti lo oṣù mẹ́ta láìyọjú. Aṣọ tí mo bá rán, Màmá á ní kí n tú u. Tirẹ̀ ló fi ń han àlejò.

Lójoojúmọ́, Màmá á kọ ọ̀rọ̀ kan sórí síléètì, irú èyí tí wọ́n fi ń sọ bí nǹkan ṣe rí, oníkálukú á sì fi ṣe gbólóhùn kan kó tó jẹun. A ti ṣe "tall", a ti ṣe "sweet". Gbólóhùn ọmọ aláró kì í kúrò lórí ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ọkùnrin náà wá sọ pé wọ́n ti gbé òun lọ sí ọ́fíìsì kan l'Ékòó, àti pé ìyàwó ọ̀gá òun tó jẹ́ òyìnbó á fẹ́ bọ ìyàwó òun lọ́wọ́. Màmá fẹ́ fi wá yangàn. Ó kọ "dirty", ó ní kí n bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti fi bú mi rí. Ewúrẹ́ kan dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú wa, ǹ bá mú ewúrẹ́. Mo wo abẹ́ ìborùn ọmọ ọlọ́mọ, mo ní, "Her hands are dirty."

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní gbólóhùn mi tọ̀nà. Ọmọbìnrin yìí mọ "hands", kò mọ ìyókù. Ó rò pé mo yin ọwọ́ tó ń fọ̀ láràárọ̀ ni. Nígbà tó kàn án, ó yọ ọwọ́ méjèèjì síwájú àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán, ó ní, "My hands are dirty."

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ yẹn pẹ́. Kò mu tíì rẹ̀ tán.

Kò wá lọ́sẹ̀ kejì, kò wá lọ́sẹ̀ kẹta, inú mi sì dùn, n ò ní purọ́. Lẹ́tà rẹ̀ ló dé, pé òun ò ṣe mọ́. Màmá ní kí ọmọ aláró di ẹrù rẹ̀, kí n sìn ín dé Ìtòkú.

Mo bá a ru àpótí. Lójú ọ̀nà ló bi mí pé kí ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà túmọ̀ sí. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ó fúyẹ́ lẹ́nu mi. N ò tí ì sọ irú rẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni rí ní Yorùbá. Mo ní, "Pé ọwọ́ rẹ dọ̀tí."

Ó dúró. Ó ní, "Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ ọ́."

Mo ní gbólóhùn lásán ni.

Ó na ọwọ́ sí àpótí tó wà lórí mi. "Gbé e fún mi. Ọwọ́ yìí ló dì í, kó má lọ kó ìdọ̀tí bá ọ."

Mo gbé e fún un. N ò bẹ̀ ẹ́. Mo sáré padà sí Òwu kí oúnjẹ ọ̀sán má baà kọjá mi.